Ọwọ́ Tó Wà Nínú Àwo Kẹta

Kì í ṣe ọwọ́ Imas ló wà nínú ìlù yẹn.

Ọkọ̀ akérò náà ti kún dẹ́múdẹ́mú. Wọ́n há a mọ́ àárín ìyá kan tó gbé àpò ìrẹsì lé itan àti akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ń fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀. Awakọ̀ ti kásẹ́ẹ̀tì tuntun bọ ẹnu ẹ̀rọ, ó sì yí ohùn rẹ̀ sókè. Gìtá ló kọ́kọ́ bú jáde bí ajá tí wọ́n tẹ̀ nírù, lẹ́yìn náà ni ìlù wọlé. Imas ti gbé gìgísẹ̀ sókè láti máa fi tẹ̀ lé orin ara rẹ̀, ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ náà kò balẹ̀.

Ọwọ́ ọ̀tún ni ìlù yẹn fi gbéra. Ó yí láti orí ìlù kékeré lọ sórí ńlá, ó mọ́ roro, ó sì dọ́gba bí ilà tí wọ́n fi rúlà fà. Ọlọ́wọ́ òsì sì ni Imas. Láti ọjọ́ tó ti ń lu ìlù, orí ńlá ló ti máa ń yí i wá sórí kékeré, bí ẹni tó ń sáré gun òkè, tí kò sì dá a lójú pé òun á dé orí rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́ Karat, ẹgbẹ́ olórin tí Imas ń lu ìlù fún, rí tí kò mọ ìyí yẹn. Àwọn ọmọ tó ń lu bọ́kẹ́ẹ̀tì lójú títì Bandung, ìlú wọn ní Indonesia, pàápàá máa ń sín in jẹ.

"Ẹ gbọ́ ọwọ́ obìnrin yẹn!" Awakọ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìdarí ọkọ̀. "Nínú àwo kejì, ṣe ló ń sáré bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Ẹ wá gbọ́ ọ báyìí! Ó ti gbọ́n. Bí ẹ̀rọ ló rí. Bí ẹ̀rọ gan-an!"

"Obìnrin ló ń na nǹkan báyìí?" ni ìyá onírẹsì bi í. "Ọkọ ẹ̀ ńkọ́?"

"Ọkọ wo, Ìyá? Ta ló fẹ́ kú?"

Ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ọ̀hún nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó ti ń yọjú wo ẹni tó jókòó tì í láti ìgbà díẹ̀. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Teh bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin. "Teh Imas? Àǹtí, ẹ̀yin ni, àbí ẹ̀yin kọ́?"

Imas wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí itan. Táífọ́ọ̀dù ti fà wọ́n gbẹ, egungun ọrùn-ọwọ́ yọ síta bí kókó ara igi.

"Rárá," ó ní. "Mo kàn jọ ọ́ ni."

Kò tíì dé ibi tó ń lọ, ṣùgbọ́n kò lè jókòó síbẹ̀ mọ́. "Òsì o!" ó kígbe, bí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ bọ́ sílẹ̀ ṣe ń kígbe kí awakọ̀ lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọkọ̀ dúró. Ó bọ́ sílẹ̀, ọkọ̀ sì gbé orin tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lọ.

Ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Cibaduyut, àdúgbò àwọn aránbàtà, níbi tí wọ́n bí i sí. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọn yóò ṣí àwo kẹta lójú gbogbo èèyàn ní pápá ńlá ìlú. Láti ọjọ́ márùn-ún ni Gumilar, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ náà, ti ń sọ fún un pé àwo kò tíì dé láti Jakarta, kó fara balẹ̀, kó sinmi. Awakọ̀ akérò ti ní tirẹ̀. Gbogbo ayé ti ní tiwọn.

Ọdún tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lé ààrẹ arúgbó kúrò lórí àga ni wọ́n ṣe àwo kìn-ínní, nínú ṣọ́ọ̀bù bàtà Abah, bàbá wọn. Ọjọ́ Àìkú ni, òòlù ti dákẹ́. Wọ́n fi awọ màlúù bo ògiri kí aládùúgbò má baà wá fà wọ́n létí. Gumilar ń pariwo sínú makirofóònù tí wọ́n fi okùn bàtà so mọ́ igi ìgbálẹ̀, Nandang wà lórí gìtá, Yayat, tí kò mọ̀ ju okùn méjì lọ nígbà náà, sì wà lórí gìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Òòyì kọ́ gbogbo wọn nítorí òórùn gọ́ọ̀mù, wọ́n bá kúkú sọ àwo náà ní *Gọ́ọ̀mù*. Ara wọn ni wọ́n sọ ní Karat, ìyẹn ìdógùn-ún tó ń jẹ irin. Ambu, ìyá wọn, ní òun fara mọ́ ọn, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn oníwúrà fi ń díwọ̀n wúrà. "Ẹ máa pe ara yín ní ìdógùn-ún," ó ní, "èmi á máa gbọ́ wúrà."

Kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dà kọ nínú yàrá, tí Yayat ń fi alùpùpù kiri. Àwọn tó rà á dà á kọ fún ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ dà á kọ fún àbúrò. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe àwo kejì, *Ọ̀nà Ẹlẹ́rẹ̀*, àwọn ọ̀dọ́ tí irun wọn dúró ṣánṣán bí ewé ọ̀pẹ òyìnbó ti ń wọkọ̀ ojú irin wá láti Surabaya láti wò wọ́n. Sítúdíò gidi ni wọ́n ti ṣe èyí, àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tó ń ta ẹ̀wù àwọn ọ̀dọ́ ló sì ń bá wọn tà á. Orin kan níbẹ̀, tó dá lórí omíyalé tó gbé ìbùsùn ìyá àgbà lọ, ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò kan gbé sí afẹ́fẹ́ ní ọjọ́ tí òjò ba ilé jẹ́. Láti ọjọ́ náà, apá wọn kò ká a mọ́. Èyí tí wọ́n rò pé á tà ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta kárí erékùṣù Java, ó sì sọdá òkun.

Ìgbà náà ni ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ń gbé àwo orin jáde ní Jakarta ránṣẹ́ sí wọn. Àìsàn sì dé láàárín àwo kẹta. Imas rántí sítúdíò tútù náà, òógùn tó ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pá ìlù tó ń yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lù ú títí dé orin tó kẹ́yìn. Wọ́n ní kó máa lọ sílé, pé àwọn ti rí ohun tí àwọn fẹ́. Ó gbà wọ́n gbọ́. Ó dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ó ń gbọ́ àwo náà lọ́kàn ara rẹ̀, ó sì dùn.

Nígbà tí Imas dé Cibaduyut, Abah wà lórí àpótí ìjókòó rẹ̀, ìṣó kéékèèké wà létè rẹ̀, ó ń kan ìsàlẹ̀ mọ́ bàtà dúdú obìnrin kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni abọ́ irin kan wà tó kún fún àlẹ̀mọ́ olómi-wúrà. Orúkọ ilé ìtajà ńlá kan ló wà lára àlẹ̀mọ́ náà, orúkọ tí ẹnì kankan kò jẹ́ ní gbogbo Cibaduyut.

Imas wò ó títí.

"Abah, ṣé kì í dùn yín?"

"Kí ni?"

"Orúkọ tí ẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọn."

Bàbá rẹ̀ yọ ìṣó kúrò létè lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ó máa ń dùn mí," ó ní. "Ìyá yín ló máa ń sọ fún àlejò pé kì í dùn mí. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo rí bàtà kan lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Mo mọ ìránṣọ mi bí mo ṣe mọ ojú ẹ. Mo fẹ́ sọ fún ẹni tó ni ín. Mo dúró ti bàtà yẹn títí wọ́n fi kírun tán. Ọkùnrin náà jáde, ó wò mí láti òkè délẹ̀, bí ẹni pé mo fẹ́ jí i." Ó bú sẹ́rìn-ín. "Mo sá lọ, ọmọ mi. Mo sá fún bàtà tí mo fọwọ́ ara mi rán."

Imas kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sílẹ̀ lórí òkìtì awọ, ó sì sọ gbogbo ohun tó gbọ́ nínú ọkọ̀ fún un. Ó ń retí pé bàbá òun á bínú sí Gumilar. Ó ti múra sílẹ̀ láti gbèjà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó tún wá bú u fúnra rẹ̀.

"Ta ló lù ú?" ni Abah bi í.

"Mi ò mọ̀."

"Ó mọ̀ ọ́n lù?"

Irọ́ ti wà lórí ahọ́n Imas, ó gbé e mì. "Ó mọ̀ ọ́n lù."

"Orúkọ ẹ̀ kò sì sí níbẹ̀."

"Orúkọ mi ló wà níbẹ̀, Abah. Àti àwòrán mi."

Abah dá ìṣó padà sẹ́nu. Òòlù bẹ̀rẹ̀ sí í ró. Nínú ariwo òòlù yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti yí padà nínú Imas. Ní gbogbo ojú ọ̀nà, ó ti ń rò pé òun ni bàtà tí wọ́n jí orúkọ rẹ̀. Ó wá wo abọ́ irin náà, ó sì rí i pé òun kọ́ ni bàtà. Òun ni àlẹ̀mọ́. Ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ èèyàn: bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a máa ṣo ni. Èyí tí wọ́n wọ̀ fún òun ń dán gbinrin lójú gbogbo ìlú, kò sì bá òun mu níbì kankan.

Ó dìde. Ó fọwọ́ kan èjìká bàbá rẹ̀, ó sì jáde.

Nígbà tó dé pápá, èèyàn ti ń rọ́ wọlé. Ẹ̀wù dúdú, bàtà onírin, ọmọbìnrin tó wé ìborí tó sì gán àmì ẹgbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwọn tó ń ta bala-bala, àkàrà ẹ̀fọ́ gbígbóná, pẹ̀lú ata wẹ́wẹ́. Wọ́n ti ta aṣọ ńlá kan sí òkè pèpéle, àwòrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọn wà lára rẹ̀, ti Imas ló wà láàárín.

Yayat jókòó sórí àpótí sípíkà, ó ń jẹun. "Teh, o rí ojú ẹ lókè yẹn? Ihò imú ẹ nìkan, tọkọtaya lè gbé e háyà."

"Ẹ̀gbọ́n mi dà, Aa Gumilar?"

Yayat wo ojú rẹ̀, ó dẹ́kun jíjẹ. "Ẹ̀yìn pèpéle."

Gumilar kúnlẹ̀, ó ń tú wáyà tó lọ́ pọ̀. Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tí Imas kò rẹ́rìn-ín padà, wáyà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo gbọ́ ọ nínú ọkọ̀, Aa."

Kò bi í pé kí ló gbọ́. "Mo fẹ́ sọ fún ẹ, Neng, àbúrò mi. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Ìgbà wo?"

"Lẹ́yìn òní."

"Lẹ́yìn tí mo bá ti dúró síwájú gbogbo èèyàn yìí, bí olè tí kò mọ̀ pé òun jalè?"

"O ò lè di ọ̀pá mú!" Ó dìde. "O ò rí ara ẹ lọ́jọ́ yẹn. Orin kan, ọ̀pá á bọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, o á ṣa á, o á máa rẹ́rìn-ín. Mo jáde lọ sunkún nínú ilé ìtọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ní àwọn ò lè dúró dè ọ́. Wọ́n ní ká gba onílù mìíràn, ká gbàgbé ẹ pátápátá, ká ya àwòrán tuntun. Mo ní rárá. Mo ní orúkọ Imas ò ní kúrò níbẹ̀, bí wọ́n fẹ́ bí wọ́n kọ̀. Èyí tí mo rí gbà lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Mo rò pé mo ti jà fún ẹ."

Imas wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó máa ń bú ìjọba lórí pèpéle láìwẹ̀yìn, tó wá dúró bí ọmọ tó fọ́ ìkòkò.

"Nandang mọ̀?"

"Ó mọ̀."

"Yayat ńkọ́?"

"Èmi?" Yayat ti tẹ̀ lé e láti ẹ̀yìn, bala-bala ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta ló ń sọ nǹkan fún mi nínú ẹgbẹ́ yìí? Èmi tí mo ń rò pé àìsàn ló jẹ́ kó o mọ̀ ọ́n lù sí i!"

Ẹ̀rín fẹ́ gbọ̀n Imas, ó kọ̀ ọ́. "Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Orúkọ ta?"

"Ẹni tó lù ú, Aa. Ó lórúkọ, àbí kò ní?"

Gumilar sọ ọ́ bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún. "Tatag. Ará ìlú Yogya ni, Jakarta ló ń gbé."

"Pè é fún mi."

Fóònù dún títí kí ẹnì kan tó gbé e. Imas gbọ́ omi tó ń ṣàn, abọ́ tó ń kan abọ́. Ọkùnrin náà ń fọ abọ́. Nígbà tí Imas dárúkọ ara rẹ̀, omi dákẹ́.

"Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ bá yín sọ̀rọ̀," ọkùnrin náà ní. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó ń fa ọ̀rọ̀ bí àwọn ará Yogya ṣe ń fà á. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

"Mi ò bínú, Mas Tatag. Ẹ lù ú dáadáa." Mas ni àwọn ará Yogya ń pe ọkùnrin tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún.

"Ó ti pẹ́ tẹ́nì kan ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi," ó ní. "Ìyàwó mi ti kìlọ̀ fún mi pé tí wọ́n bá gbé orin kan sí níbi ìgbéyàwó, kí n má sọ pé èmi ni mo lù ú, torí ọ̀kẹ́ àìmọye irú ẹ̀ ni mo lù, kò sẹ́ni tó máa gbà mí gbọ́. Wọ́n á ní mo mutí." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ gbọ́ orin keje?"

"Mi ò tíì gbọ́ ju ẹyọ kan lọ."

"Ìparí ẹ̀, níbi tí gbogbo ohùn ti dákẹ́, tí ìlù nìkan ń ya lulẹ̀. Gbogbo ọjọ́ kan ni mo fi wá a. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni mí, kò wọlé sí mi lára. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n fi tiyín sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ yín ń gbọ̀n, àwọn á fi ẹ̀rọ tún un ṣe. Mo ní tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, kí wọ́n yọ tèmi náà kúrò. Wọ́n sì fi tiyín sílẹ̀."

Imas fara ti ara pèpéle. Òjò wẹ́wẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ó ń fọ́n sí i lójú, kò nù ún.

"Mas Tatag, mo fẹ́ dárúkọ yín níbí lónìí. Ṣé ẹ gbà?"

Nínú fóònù, ọmọdé kan ń béèrè nǹkan, ọkùnrin náà ní kó dúró ná.

"Wọ́n lè má pè mí síṣẹ́ mọ́," ó ní.

"Mo mọ̀. Tẹ́ ẹ bá ní kí n má dárúkọ, mi ò ní dá a. Mo kàn máa sọ pé èmi kọ́ ni."

"Ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún mẹ́tàlá. Láàárọ̀ yìí, kó tó jáde nílé, ó ń fi ṣíbí lu tábìlì, ó ń ṣe bí Teh Imas. Mo jókòó síwájú ẹ̀, mo ń mu tíì." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ dá a. Ẹ sọ ọ́ ketekete, ẹ jọ̀ọ́. Tatag Prabawa."

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ nígbà tí wọ́n gun pèpéle. Òjò ti dá, pápá ti di ẹrẹ̀, orí èèyàn lọ títí dé ìdí àwọn igi òpópónà. Ọ̀gbẹ́ni Wiraguna, aṣojú ilé-iṣẹ́ náà, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, ó gbé àtàǹpàkò sókè sí wọn. Imas kò kọjá sí ìdí ìlù. Ó lọ bá Gumilar níwájú.

"Èmi ni mo parọ́," Gumilar sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi."

"Sọ tìẹ tí mo bá ti sọ tèmi."

Gumilar rẹ makirofóònù sílẹ̀ fún un, nítorí Imas kúrú jù ú lọ. Láti ọdún mẹ́fà tí Karat ti ń kọrin, Imas kò tíì bá èrò sọ̀rọ̀ rí. Ẹ̀yìn ìlù ló máa ń wà, ibẹ̀ ló sì tẹ́ ẹ lọ́rùn.

"Ẹ kú òjò," ó ní, ohùn rẹ̀ sì lọ jìnnà ju bó ti rò lọ. "Àwo tẹ́ ẹ rà yẹn, orúkọ mi ló wà nídìí ìlù. Irọ́ ni. Ara mi ò yá. Ẹni tó lù ú ń jẹ́ Tatag Prabawa. T, A, T, A, G. Wọn ò kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀. Èmi náà ò mọ̀ títí di àárọ̀ yìí. Mo ní kí ẹ mọ̀."

Wiraguna ti sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Gumilar fẹnu sún mọ́ makirofóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Èmi ni mo mọ̀, tí mo sì fi pa mọ́ fún un. Mo jẹ̀bi."

Ohùn ọkùnrin kan jáde láti àárín èrò: "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, Teh, kí lo wá ṣe níbí?"

Ẹ̀rín bú. Imas wo apá ibi tí ohùn náà ti wá.

"Mo wá lù ú!"

Ariwo tó tẹ̀ lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé aṣọ ńlá yẹn já. Kò tíì jókòó sídìí ìlù dáadáa tí Nandang, tí kò lè wò ó lójú, fi fa okùn gìtá. Imas sì wọlé láti orí ìlù ńlá, ó ń sáré gun òkè.

Ó sáré jù. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì ní kí orin náà rìn, Imas ní kó sáré, èrò sì bá a sáré. Kò sí ẹni tó kọsẹ̀, nítorí ó ti tó ọdún kan tí wọ́n ti ń gbọ́ orin wọ̀nyí ní àwọn gbọ̀ngàn kéékèèké kí Jakarta tó gbọ́ wọn. Wọ́n ń fò nínú ẹrẹ̀, wọ́n ń gbé ẹni tó bá ṣubú dìde. Ní orin karùn-ún, itan rẹ̀ ń jó bí iná. Ní orin kẹfà, àárẹ̀ ilé ìwòsàn tún padà wá, apá òsì rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ní ìparí orin keje, gìtá dákẹ́, Gumilar dákẹ́, ó ku ìlù nìkan. Imas kò di ọ̀pá mú le. Ó jẹ́ kí ọwọ́ náà gbọ̀n bó ṣe fẹ́. Ìlù ń ya lulẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó fẹ́ ṣubú, kò ṣubú, bí arúgbó tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn lóun nìkan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn mí sínú, wọn kò mí síta títí ìró ìlù tó kẹ́yìn fi lọ tán.

"Ẹ ti ba nǹkan jẹ́," ni Wiraguna ń tún sọ nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀. "Ṣé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ bà jẹ́? Àwọn kan á dá kásẹ́ẹ̀tì padà!"

Ó ṣáájú wọn lọ sí ibi tábìlì ìtajà láti fi hàn wọ́n. Lóòótọ́ ni èrò wà níbẹ̀, ìlà náà gùn ju ti ọ̀sán lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà níwájú kò dá nǹkan kan padà. Ọmọbìnrin kan ti gba bírò lọ́wọ́ olùtajà, ó tẹ́ ìwé ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì lé orúnkún, ó ń kọ *Tatag Prabawa* sábẹ́ orúkọ Imas, ó fún ojú pọ̀ kó lè kọ ọ́ dáadáa. Ẹni tó tẹ̀ lé e ń dúró de bírò náà. Ẹnì kan lẹ́yìn ń béèrè bóyá A kan tàbí A méjì ló wà níbẹ̀.

Wiraguna wò wọ́n títí. Ó fi aṣọ ìnujú nu ọrùn. "Ó yẹ ká jọ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ajé," ó ní níkẹyìn. "Lórí ìtẹ̀jáde tó kàn." Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ra kásẹ́ẹ̀tì kan, ó sì tò sẹ́yìn ìlà láti gba bírò.

Yayat fi ìgúnpá gún Imas. "Ṣé kí n lọ sọ fún un pé A méjì ni?"

Ẹ̀rín tí Imas ti ń gbé mì láti ọ̀sán jáde wàyí, ó gbọ̀n ọ́n débi tó fi jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

Nígbà tí èrò ń túká, àwọn mẹ́rin ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Nandang wá gbé ìlù ńlá, ẹrù tí kì í gbé, ó dúró síwájú Imas. "Ó yẹ kí n ti sọ fún ẹ," ó ní. Imas ní, "Ó yẹ bẹ́ẹ̀." Nandang mi orí, ó gbé ìlù náà lọ sínú ọkọ̀, ó sì tún padà wá gbé òmíràn. Ìbínú kò tíì tán nínú Imas. Á ṣì ṣẹ́ kù lọ́la, bóyá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ pàápàá, ó sì mọ̀ pé kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn.

Ó jókòó sétí pèpéle. Gumilar wá jókòó tì í, ó fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn. Òkè tó wà ní àríwá ìlú ti wọ ìkùukùu sọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bẹ̀bẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn sínú imú, ohùn orin tuntun kan tí Imas kò gbọ́ rí, tí kò tíì ní ọ̀rọ̀, tó lọ sókè lẹ́ẹ̀mejì kó tó wálẹ̀.

Ìka Imas ti wà lórí pákó pèpéle. Kò tètè mọ̀ pé òun ti ń lù. Nígbà tó dé ibi tí ohùn náà yí wálẹ̀, kò mọ ibi tó kàn, ó sì dá ìka dúró. Gumilar kò kùn kọjá ibẹ̀. Ó gbé ohùn náà dání síbi tó wà, ó wo ìka rẹ̀, ó sì ń dúró dè é.